Tọkọtaya Míṣọ́nnárì ní Kúdẹtì, àti Àwọn Tó Ń Ti Mowe Lọ

  Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Òwe yìí ló wà lọ́kàn mi bí mo ti jókòó láti kọ ohun tí ẹ ó kà lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ àjèjì ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ìwàásù wọn ni yóò gba iwájú, bí kò ṣe ìgbé ayé wọn ojoojúmọ́: owó tí wọ́n ná, ilé tí wọ́n gbé, ẹni tí wọ́n bá jẹun, àti orúkọ tí àwọn onílé fi pè wọ́n.

Agbègbè Mowe ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá ti Èkó ń bọ̀ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, yóò kọ́kọ́ kan Ibafo kí ó tó kan Mowe. Ní ìwọ̀-oòrùn wa, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ni Ifọ̀ wà, níbi tí ojú irin Ìlaró ti yà kúrò lára ojú irin ńlá. Láàárín Ifọ̀ àti àwa ni odò Ògùn gbà kọjá lọ sínú ọ̀sà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ka odò náà sí ọ̀nà mọ́. Àfi ìgbà tó bá kún bo ilé ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, odò yìí gan-an ni ọ̀nà tí èrò àti ẹrù ń gbà láti Èkó dé Abẹ́òkúta, nínú ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́.

Ọ̀nà omi yìí ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ bá dé àárín wa ní ọdún 1853. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David, láti agbègbè Württemberg, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rán an níṣẹ́. Ó ti kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851, ó sì ti rí i pé ìlú náà fẹ́ gba àlejò. Anna ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ agbègbè Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1827 ni wọ́n bí i. Oṣù kẹwàá ọdún 1852 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, oṣù kejìlá ni wọ́n wọ ọkọ̀ òkun, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti wà ní Èkó. Ibà tètè mọ ojú ìyàwó tuntun náà. Síbẹ̀, kí oṣù kẹrin tó parí, wọ́n ti gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn.

Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílùú wọn. Ìgbésí ayé Anna nínú ilé yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè pè ní ìsinmi. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ó ń kọ́ wọn ní orin àti abẹ́rẹ́, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń gba àlejò tó fẹ́ wo bí obìnrin òyìnbó ti rí, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn tó yí i ká. Nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá, iṣẹ́ ilé kò dúró dè é. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣa àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé ní ọdún 1872. Ibẹ̀ ni a ti mọ púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí.

Anna kò bí ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n ìjòyè kan, Olúńlọ́yọ̀ọ́, gbé ọmọ rẹ̀ méjì lé e lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé, àwọn yìí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ìyá àwọn ọmọ náà yóò máa rò lọ́kàn. Àjèjì tí kò tíì lè kí ènìyàn dáadáa ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ fún! Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé inú ọgbà náà fi ń pe Anna ní "Ìyá".

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa, ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Nínú èdè Yorùbá, "ìyá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ nìkan. Oyè ni, iṣẹ́ ni, gbèsè sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí a bá pè ní ìyá ti di ẹni tí a lè kanlẹ̀kùn fún ní òru. Òun kọ́ ló fi orúkọ náà jẹ; àwọn onílé ló fún un, wọ́n sì ń retí kí ó gbé ẹrù tó wà nídìí orúkọ náà.

Ẹrù náà wá wúwo ní ọdún 1860, nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kò gbà kí Adélù jẹ Aláàfin lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, Àtìbà. Ìbàdàn wà lẹ́yìn Aláàfin, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí pẹ̀lú. Ìjàyè ṣubú ní 1862, ṣùgbọ́n ìjà kò parí. Ó ṣí lọ sí ìhà Rẹ́mọ títí di 1865.

Kí ni èyí túmọ̀ sí nínú ilé kan ní Kúdẹtì? Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ẹgbẹ̀rún méjì ẹyọ ni à ń pè ní ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ẹrù tó tó ọkùnrin kan í rù. Láti Èkó ni owó náà ti ń wá fún wọn. Nígbà tí ọ̀nà dí, kò sí ẹni tí yóò rù ú wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé, wọ́n ta títí dé orí páànù tó wà nínú àpótí ẹrù wọn, kí wọ́n lè ra oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tó ń pe Anna ní Ìyá. Wọn kò lé àwọn ọmọ náà lọ. Fún mi, níbí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti di òtítọ́.

Ní 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá mú wọn jáde. Òru ló dé, kò sì sí àyè ìdádúró. Anna, tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, ní láti gbéra kíákíá láìrí gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ dágbére fún. David dúró sẹ́yìn. Wọ́n tún padà wá lẹ́yìn náà, àmọ́ ara kò gbà mọ́. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1870, Anna kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Lónìí, ọ̀nà ti yí padà. Níbi tí mò ń gbé yìí, ibùdó ńlá ìjọ The Redeemed Christian Church of God kò jìnnà sí Mowe. Ìjọ tí Josiah Akíndayọ̀mí dá sílẹ̀ ní 1952 ti ní ẹ̀ka ní Bìrìtìkó, ní Amẹ́ríkà àti káàkiri ayé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń rán òjíṣẹ́ wá ti di ilẹ̀ tó ń rán òjíṣẹ́ lọ, kì í sì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Mo mọ tọkọtaya àgbà kan ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n lo ọdún díẹ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí lókè òkun. Mo bi màmá léèrè ohun tó nira jù. Mo rò pé òtútù ni wọn yóò wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òtútù kọ́, ọmọ mi. Ó ní ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á mọ́, èmi àti bàbá á kí ara wa tán, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò kí wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pe orúkọ mi gbàgà, wọn kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Màmá yìí ní fóònù, wọ́n ń rí ojú ọmọ àti ọmọọmọ wọn lórí rẹ̀. Owó wọn kì í ṣe ẹrù orí. Ogun kò dí ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ní àga tó tóbi tó fún àgbà obìnrin láti jókòó sí. Anna rí irú àga bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi àti ibà jọ bá a jókòó níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tó gbé àga náà kalẹ̀. Dáníẹ́lì Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta, bá Hinderer wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin inú ilé. Òun àti Sùsánà aya rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìrọ̀rùn àti ní ọjọ́ ìyàn. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ ní 1869, ọwọ́ Olúbí ni iṣẹ́ bọ́ sí. David túmọ̀ ìwé John Bunyan nípa èrò mímọ́ sí Yorùbá, àwọn onímọ̀ sì ń rí ipa ìwé náà lára ìrìn àjò àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ta ni àjèjì ọmọ Jámánì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀? Àwọn Olúbí ni, àwọn ọmọ Kúdẹtì ni, àwọn ìyá ọlọ́jà ni. Àwọn wọ̀nyí kò sí lójú ìwé àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àjèjì tó ń gbìyànjú láti sọ èdè wa, ní Ibafo tàbí ní Ifọ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kí i, kí ẹ sì dúró gbọ́ bí yóò ti dáhùn. Ìkíni ni ìlẹ̀kùn èdè Yorùbá, onílé ló sì ń ṣí i.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.