Bí Mo Ṣe Gba Inú Omi Dé Gàmbàrí Lẹ́ni Ọgọ́ta Ọdún

Bí ẹ bá wọ Gàmbàrí ní Ìlọrin láàárọ̀ kùtùkùtù, òórùn kókó gbígbóná àti ti wáínà tí wọ́n ń dín ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, lẹ́yìn náà lẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú. Àdúgbò àtijọ́ ni. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ìlú náà sí láyé ọjọ́un, tí Balógun kọ̀ọ̀kan ń ṣe olórí ibẹ̀: Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbi àti Àlánámù. Àwọn Hausa là ń pè ní Gàmbàrí, torí wọn ni àdúgbò náà ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni mo sáré wọ̀ lọ́jọ́ Sánńdè kan nínú oṣù kejì ọdún 2025, tí òógùn bò mí, tí àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, tí ìyá oníwàrà kan sì ń bi mí bóyá olè ni mò ń lé ni àbí olè ló ń lé mi.

Ọ̀rọ̀ olè kọ́. Eré ìdárayá kan ni mò ń parí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní triathlon. Ẹ ó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ti jáde nínú omi ẹ ó gun kẹ̀kẹ́, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ẹ ó fẹsẹ̀ sáré, kò sí ìsinmi láàárín. Ní Hawaii lọ́dún 1978, èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tó le jù: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42 lórí ẹsẹ̀. Àwọn 12 ló parí rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2000, wọ́n gbé eré náà wọ Òlíḿpíìkì ní Sydney, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù sí kìlómítà 1.5, 40 àti 10. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré ọ̀dọ́ nìkan ni o. Sísítà ìjọ Àgùdà kan ní Amẹ́ríkà, Madonna Buder, parí èyí tó gùn bíi ti Hawaii yẹn ní 2012 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 82. Bàbá ará Japan kan, Hiromu Inada, parí ti Hawaii gan-an ní 2018 lẹ́ni ọdún 85. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré inú wọn ni mo ṣe.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kó bá mi. Òun ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tí ẹ̀rọ ka 160 lórí 100. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìrìn mi ò ju láti orí àga dé mọ́ṣáláṣí, láti mọ́ṣáláṣí dé ìdí àwo tùwó. Dókítà ní kí n máa lo oògùn, kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí n ṣe eré mìíràn tó máa mú mi mí, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ. Ọmọ mi ní, “Bàbá, ẹ fi ọdún kan múra sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe é nígbà tẹ́ ẹ bá pé ọgọ́ta ọdún.” Mo ní ti ẹsẹ̀ kò le, ti kẹ̀kẹ́ kò le, omi ni kó má bá mi sọ.

Ìdí rèé. Ní 1974, nígbà òjò, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí odò Asà. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Odò ti kún ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i gbé jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti ṣòfin pé ọmọ òun kankan ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan odò. Ẹni tó bá wọlé tí ara rẹ̀ funfun bíi ti ẹni tó ti odò dé, pàṣán ni. Báyìí ni gbogbo wa ṣe dàgbà láìmọ ìlúwẹ̀ẹ́, tí àwa náà sì fi òfin yẹn tọ́ ọmọ tiwa.

Mi ò dá ìyá mi lẹ́bi, ẹni tó sin ọmọ kì í fi omi ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó àwọn èèyàn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lórí odò Ọya ní apá Pàtígì, ní Kwara wa níbí, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka nǹkan bí 300,000 èèyàn tó kú sómi káàkiri ayé ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dágbére odò fẹ́nì kan. Kànga tí a ò dé, dúrọ́ọ̀mù tí a pọn omi kún sẹ́yìnkùlé, ó ti tó. Òfin ìyá mi lè dí ọ̀nà odò mọ́ ọmọ, kò lè dí ọ̀nà mọ́ omi tó wà nílé.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyá mi. Púùlù hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ni mo ti ń kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo lè bí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kàn jókòó sétí omi, mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí,” ló máa ń wí. Ó ní kí n bu omi sínú báàfù nílé, kí n ki ojú bọ̀ ọ́, kí n máa fẹ́ atẹ́gùn jáde ní imú díẹ̀díẹ̀, kí n wá gbórí sókè láti fi ẹnu mí sínú. Ìyàwó mi bá mi lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pariwo. Oṣù kẹta ni mo tó léfòó. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé orúnkún tó máa ń ro mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kì í ro mí nínú omi, torí pé omi ló ń bá ẹsẹ̀ gbé ara. Ẹ̀yin àgbà tí oríkèé ń dà láàmú, ẹ bi dókítà yín. Mo bi alfa wa náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń gbà lẹ́nu Sayyidina Umar ni, pé ká kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, ọfà títa àti ẹṣin gígùn. Ẹṣin nìkan làwa ará Ìlọrin mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó ku oṣù kan, dókítà fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn mi ṣe ń lù, ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì ti wá sí 134 lórí 84. Oògùn ò dúró o, eré kò rọ́pò rẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé omi ni kí n ṣọ́ra fún jù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 wo èèyàn 135 tí wọ́n kú tàbí tí ọkàn wọn dáwọ́ lílù dúró nínú eré yìí láti 1985 dé 2016. Inú omi ló ti ṣẹlẹ̀ sí 90 nínú wọn, ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ewu náà sì ga jù fún àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà. Nítorí náà, 400 mítà la fi omi tèmi ṣe, dípò 750 tí wọ́n ń lò fún eré kékeré. Kẹ̀kẹ́ jẹ́ kìlómítà 20, ẹsẹ̀ jẹ́ márùn-ún.

Àwa mẹ́ta la ṣe é: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan àti ọmọ àbúrò mi. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la wọ omi, olùkọ́ mi sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú mi. Ogún ìgbà ni mo ní láti lọ láti etí kan dé èkejì. Nígbà kẹfà, omi yà sí mi nímú. Lójú ẹsẹ̀, púùlù pòórá, odò Asà ni mo rí. Ọkàn mi ń lù kìkì. Mo fẹ́ di olùkọ́ mú, bí mo bá sì dì í mú àwa méjèèjì la ó jọ rì. Ó ní, “Ẹ yíjú sókè, Bàbá.” Mo yí ẹ̀yìn sínú omi, mo na apá méjèèjì, mò ń wo ojú ọ̀run. Kò fọwọ́ kàn mí, ó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ka òǹkà jẹ́jẹ́. Ó kà á dé àádọ́rin kí n tó tún dojú bolẹ̀. Ìṣẹ́jú 21 ni mo lò kí n tó jáde.

Kẹ̀kẹ́ ò mú wàhálà dání. A dé akoto, a gba orí afárá kọjá odò Asà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú un, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ìṣàn lásán. Mo wò ó, mo kọjá. A gba Ọjà Ọba, Ìpàtà àti Òkèlele bọ́ sí ọ̀nà Sóbì, tí ọlọ́kadà kan ń bi mí pé, “Alhaji, ṣé owó epo náà ló fà á?” A gùn ún títí òkè Sóbì fi wà lẹ́yìn wa, a tó ṣẹ́rí padà. Ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ láti sáré ni mo mọ̀ pé òyìnbó burú, nítorí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tẹni mọ́. Mo sáré díẹ̀, mo rìn díẹ̀, mo mu omi. Àdéhùn wa ni pé bí àyà bá fún mi tàbí tí òòyì bá kọ́ mi, mo jókòó nìyẹn.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ nígbà tí mo dé. “Àlàó, kí ló ń lé ọ?” Mo kúnlẹ̀ láti kí i. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó sì gbé ọwọ́ náà sí imú. Òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sómi púùlù kì í tètè lọ nínú irun.

“Omi wo lo wọ̀?”

Mo sọ fún un, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

“Ṣé ó jìn?”

“Ó jìn, Ìyá. Ó ju mí lọ níbì kan.”

“O sì jáde.”

“Mo jáde, Ìyá.”

Ó ní kí wọ́n lọ bu fùrá wá fún mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kó mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sí púùlù. Ó kà wọ́n nígbà tí à ń jáde, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ títí a fi dé, tó tún kà wọ́n.