Ara Dùrù, Ohùn Dùrù

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti gbẹ́ igi ìlù tán ni ó ti pín ohùn fún un. Kò sí onílù tí ó lè lu ohun tí kò sí nínú igi àti awọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún dùrù ńlá tí àwọn Òyìnbó ń pè ní píánò.

Ní nǹkan bí ọdún 1700, ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, Bartolomeo Cristofori ṣe dùrù kan tí òòlù kéékèèké ń lu okùn inú rẹ̀. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, a dún jẹ́jẹ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, a han gooro. Ní òde òní, ìtẹ̀ 88 ni ó wà lójú píánò, okùn irin inú rẹ̀ sì lé ní 200. A na àwọn okùn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí fífà gbogbo wọn fi tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20. Ìdí nìyí tí a fi fi férémù irin dì í mú, nítorí igi nìkan kò lè gbà á. Okùn lásán kò sì lè kún ilé. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lábẹ́ wọn ni ó ń bá wọn gbọ̀n, tí ó ń gbé ohùn wọn sí afẹ́fẹ́. Èyí tí ó gùn tó ẹsẹ̀ 9 ni ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ jù, nítorí pé okùn gígùn ń dún kedere ju okùn kúkúrú tí a fi bàbà púpọ̀ wé kí ó lè wúwo.

Ṣùgbọ́n irin tí ó fún un ní agbára náà ni ó dè é lọ́wọ́. Ìyáàlù dùndún ní ọsán. Bí onílù bá fún un mọ́ ìhà, ohùn a gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, a sọ̀ kalẹ̀. A sì máa yọ̀ láàrin méjèèjì bí ahọ́n ọmọ Yorùbá ti ń ṣe. Okùn píánò kì í yọ̀. Ohùn tí a bá yàn fún un ni ó ń dún.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn tí èdè wọn ń fi ohùn ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. A ti fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìjọ títí tí ìtumọ̀ fi sọnù. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì fẹ́ kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Akin Euba (1935–2020) gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti wádìí dùndún jinlẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí píánò kò tilẹ̀ lè yọ̀, lílù ni à ń lù ú, òòlù rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan kọ̀ǹgọ́. Nínú Scenes from Traditional Life tí ó kọ ní 1970, ó lo píánò bí ẹni ń lo ìlù. Bí ẹyẹ bá ṣe bà ni à ń sọ òkò rẹ̀.

Lónìí, dùrù oníná ni ó gbòde ní ilé ìjọsìn, ní Bàrúwà ní Alímọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ibòmíràn. Kò ní okùn, kò ní òòlù, ṣùgbọ́n ojú ìtẹ̀ píánò ni ó jogún. Ó yẹ kí ọmọ tí ń kọ́ ọ gbọ́ ìyáàlù pẹ̀lú, kí ó sì mọ ibi tí agbára ìtẹ̀ dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ àti dùrù kò bá bára mu, yóò rò pé èdè baba rẹ̀ ni kò mọ orin.