Ìkàn Lórí Iyanrìn Eleko

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni a sábà máa ń sọ níbí. Ibẹ̀ náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ kọ "ikan" sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, kí ẹ wá ní kí ẹnìkan kà á. Ẹni tí igi àjà rẹ̀ ti ń jẹrà yóò kà á sí ikán, kòkòrò tí ń ba ilé jẹ́. Ẹni tí ebi ń pa yóò kà á sí ìkàn, èso tí à ń jẹ. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi ní Eleko, àwọn méjèèjì ni mo ní: ikán ń jẹ ìkàn. Bí ẹ bá yọ àmì kúrò lórí gbólóhùn yẹn, kò sí ẹni tí yóò mọ èwo ló ń jẹ èkejì.

Orúkọ èso yìí kò tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ìkàn ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi. Igbá ni àwọn ẹlòmíràn ń pè é, àwọn kan a sì máa pè é ní igbágbá. Bí ẹ bá kọjá sí ilẹ̀ Benin àti Tógò, ẹ ó gbọ́ gboma, ọbẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ sè, tí wọ́n ń pè ní gboma dessi, kì í ṣe àjèjì sí ará Lomé. Àwọn ọmọ tèmi ńkọ́? "Garden egg" ni wọ́n mọ̀. Àwọn Òyìnbó rí èyí tó funfun, tó rí bìrìkìtì bí ẹyin adìẹ, wọ́n sì fi ẹyin sọ ọ́ lórúkọ. N kò ní ìjà pẹ̀lú orúkọ náà. Ohun tó ká mi lára ni pé àwọn ọmọ náà rò pé ohun tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Òyìnbó, ọ̀dọ̀ Òyìnbó ló ti wá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó gùn, tó sì dúdú bí aró, tí wọ́n ń tò sí àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Lẹ́kí, ilẹ̀ Éṣíà ni orírun rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà ló sì ń gbìn ín jù ní ayé. Ṣùgbọ́n irú tiwa, àti èyí tí à ń jẹ èso rẹ̀ àti èyí tí à ń jẹ ewé rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni àwọn baba ńlá ènìyàn dúdú ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn láti inú igbó. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló bá a dé Bùràsíìlì. Jiló ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní, orúkọ tó ti inú èdè Kimbundu ti Àǹgólà wá. Ẹ wo irú ìrìn-àjò yẹn: wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn, wọn kò rí orúkọ èso gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo ń gbìn ín sí. Ẹni tó bá ti Ajah bọ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ yóò kọjá Awoyaya, Lakowe àti Bogije kó tó dé oríta Eleko. Bí ó bá yà sí ọwọ́ ọ̀tún, òkun ló ń lọ bá. Ààrin ọ̀sà àti òkun ni a wà, iyanrìn sì ni ilẹ̀ wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ da omi sí i, omi ti lọ kí ẹ tó gbé korobá sílẹ̀. Òjò oṣù kẹfà a máa fọ gbogbo ọ̀rá ilẹ̀ dànù. Bí ọyẹ́ bá sì dé, oòrùn a máa gbóná lára iyanrìn náà bí ẹni fẹ́ yan ẹ̀pà.

Oúnjẹ ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo ń kó sí i, ṣùgbọ́n mo máa ń bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì kó tó wọ ebè, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Inú abọ́ tí mo lu ihò sí nídìí ni mo ń gbin irúgbìn sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà tí ó bá ti yọ bí ewé márùn-ún, mo ń lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni mo ń fi èèpo àgbọn yí ìdí rẹ̀ ká, kí omi má baà tètè gbẹ. Àgbọn kò wọ́n wa ní etí òkun. Èèpo àgbọn yìí gan-an ló sì ń pe ikán wá! Ohun tó ń pa omi mọ́ fún igi náà ló ń gba àlejò burúkú fún un. Eérú ni mo ń fọ́n sí ìdí rẹ̀, mo sì máa ń tú èèpo náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò pupa wínníwínní kan a máa ta òwú sábẹ́ ewé bí aláǹtakùn. Omi tí mo bá fi agbára wọ́n sí abẹ́ ewé ni mo fi ń lé e. Èyí tó le jù ni aràn tí ojú kò rí, tí í máa so kókó sí gbòǹgbò; ó fẹ́ràn iyanrìn púpọ̀. Fún ìdí èyí, n kì í gbin ìkàn sí ibi tí ata tàbí tòmátì ti kúrò, nítorí ìdílé kan náà ni wọ́n. Àgbàdo ni mo ń fi sí àárín wọn.

Ní nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ lẹ́yìn lílọ́, èso àkọ́kọ́ ti dé, igi náà yóò sì máa so fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tẹ̀tẹ̀ kò lè ṣe irú èyí.

Ọwọ́ ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ẹ̀bá oríta ni mo ti rí irúgbìn mi. Ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n. Ìkàn tiwọn kéré, ó tutù yọ̀yọ̀ pẹ̀lú ìlà funfun lára, ó korò díẹ̀, bí ó bá sì gbó, a pọ́n bí ẹyìn. N kò rí irú rẹ̀ rí ní ọjà.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Níbo lẹ ti rí irú èyí?"

Wọ́n ní, "Inú ilé ni, ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ló bùn mí. Kì í ṣe ti ọjà."

Ní ọdún kejì, wọn kò mú un wá mọ́. Ẹbí ti ta ilẹ̀ tí wọ́n ń gbìn ín sí, ẹni tó rà á sì ti mọ odi yí i ká. Èyí tó kù nínú irúgbìn náà ni wọ́n dì sínú ọ̀rá fún mi. Wọ́n ní, "Gbìn ín. Èyí tó bá dára jù nínú èso rẹ̀, má jẹ ẹ́."

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èbúté ńlá ti Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023. Ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí fọ epo ní ọdún 2024. Ọdún 2024 yìí kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun tí yóò lọ sí Calabar, ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́, tó gùn tó kìlómítà 47, sì ti Victoria Island dé Eleko níhìn-ín. N kò bínú sí ọ̀nà. Èmi náà yóò gbà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti di olówó iyebíye, ta ni yóò fi gbin ìkàn? Kò sí ẹni tó ṣe òfin pé kí irú ìkàn kan parẹ́. Odi ni wọ́n kàn mọ.

Ẹnìkan lè sọ pé irúgbìn wà ní ọjà, nínú páálí aláwòrán mèremère. Ó wà lóòótọ́, èmi náà ń gbìn ín, ó sì ń so dáadáa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàlù irú méjì: bí ẹ bá gbin èso inú rẹ̀ padà, àwọn ọmọ kì í jọ ìyá. Ọdọọdún ni ẹ ó máa padà lọ rà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú irú àbáláyé wà, NIHORT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975 àti NACGRAB ní Moor Plantation, iṣẹ́ wọn sì wúlò. Síbẹ̀, irú tí ẹnikẹ́ni kò mú lọ bá wọn, wọn kò lè tọ́jú rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Mo ń yan igi mẹ́ta tó lágbára jù, mo sì ń so okùn pupa mọ́ èso tó dára jù lára wọn kí àwọn ọmọ má baà ká a. N kò gbin irú mìíràn sí tòsí rẹ̀, nítorí oyin a máa dà wọ́n pọ̀. Èso náà yóò wà lórí igi títí yóò fi pọ́n tí yóò sì rọ̀. Mo ń fọ irúgbìn inú rẹ̀ sínú omi; èyí tó bá léfòó, mo dà á nù. Abẹ́ òjìji ni mo ń sá ìyókù sí, mo sì ń pa á mọ́ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ orúkọ sára ìgò, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ìgò mẹ́rin ni mo rí ní ìkórè tó kọjá. Mo dá ọ̀kan padà fún ìyá àgbà, tí wọ́n ń gbìn ín sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé ọmọ wọn báyìí. Ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn. Tèmi ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ìbáà jẹ́ korobá méjì péré ló ní. Kí ó gbìn ín sínú abọ́ ní oṣù kẹjọ, kí ó lè lọ́ ọ bí òjò kejì bá dé.