Kíláàsì Tó Ń Tẹ̀lé Òjìji

Èrúwà ni mo ti gun ọ̀kadà. Ọ̀nà dára títí a fi yà kúrò ní títì; láti ibẹ̀, ilẹ̀ pupa ni, oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gúsí lósì, àwọn àpáta Ìbàràpá sì ń yọ lókèèrè. Ọlọ́kadà ní òun kì í dé abúlé náà bí òjò bá rọ̀. Mo rò pé owó ni ó fẹ́ fi kún.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni mo lọ kí. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, yàrá mẹ́ta. Ìjì sì ti ṣí páànù ọ̀kan lọ. Kíláàsì kìíní àti ìkejì kọ ẹ̀yìn síra wọn nínú yàrá kan, ìkarùn-ún àti ìkẹfà wà nínú èkejì. Ti ọ̀rẹ́ mi, ìkẹta àti ìkẹrin, wà lábẹ́ igi máńgòrò.

Òjìji ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ó nà sí ìwọ̀-oòrùn. Bí oòrùn ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń wọ́ bẹ́ǹṣì tẹ̀lé e, títí wọ́n fi fún mọ́ ìdí igi lọ́sàn-án. Ewúrẹ́ la àárín ìṣirò kọjá, kò sí ọmọ tó wò ó. Mo ka ọmọ 47, bẹ́ǹṣì 6. Àwọn tí kò rí àyè jókòó sórí òkúta, wọ́n fi orúnkún ṣe tábìlì. Ọ̀rẹ́ mi kó ìwé wọn fún mi.

"Wò ó fúnra rẹ," ó ní.

Lẹ́tà àwọn tó jókòó sí bẹ́ǹṣì dúró ṣánṣán. Ti àwọn tó ń kọ̀wé lórí orúnkún wọ́, ìwé náà sì lu níbi tí pẹ́ńsùlù ti gún un. Ó ní bí òun bá ń máàkì, òun ti mọ ibi tí ọmọ jókòó sí kí òun tó ka orúkọ rẹ̀.

Nínú ilé, ọmọ kíláàsì kìíní kan dáhùn ìbéèrè ìsodipúpọ̀ tí wọ́n bi kíláàsì kejì. Inú mi dùn. Olùkọ́ rẹ̀ mi orí: ọmọ náà ti mọ tẹni ẹlẹ́ni, kò tíì mọ a, b, d tirẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí nítòsí sọ fún mi pé àwọn òbí àwọn ni ó po amọ̀ ilé náà. Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, bàbá sì wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́. "Ọmọ mi," ó ní, "yàrá tí mo jókòó sí ni ọmọ-ọmọ mi jókòó sí."

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ya owó sọ́tọ̀ lápò ìjọba àpapọ̀ fún irú ilé yìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìpín tirẹ̀ kalẹ̀. Mo lóye ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ọmọ ni ìlànà náà ń fìyà jẹ: bí gómìnà kò bá mú tirẹ̀ wá, owó á wà ní Àbújá, ọmọ á wà lábẹ́ igi.

Ní bí aago kan ojú ọ̀run ṣú. Kò sí ẹni tó pàṣẹ: àwọn ọmọ gbé bẹ́ǹṣì rù, wọ́n rọ́ wọ yàrá kíláàsì kìíní. Páànù ń hó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohùn olùkọ́ kankan. Báyìí ni wọ́n jókòó títí ilé-ẹ̀kọ́ fi parí. Ọ̀rẹ́ mi ní nígbà òjò, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọlọ́kadà kò wá. Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tún gbé bẹ́ǹṣì jáde. Àwọn tí òkúta jẹ́ àga wọn fi ewé nu omi orí rẹ̀. Òjò ti fọ pátákó tí a gbàgbé sábẹ́ igi. Ọ̀rẹ́ mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó tún ìṣirò àná kọ láti òkè.