Ìlẹ̀kùn Tí Mo Tì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni gbogbo wa ń kọ́, ó tọ́ kí n sọ ọ́, kí àṣìṣe mi lè di ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, Accra ní ilẹ̀ Gánà ni mo wà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ni wọ́n ti ilé-ìwé pa. Nígbà tí ó di ọjọ́ 30 oṣù náà, àṣẹ kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Accra àti Kumasi àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Ọ̀sẹ̀ 2 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 1 kún un. Yàtọ̀ sí àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ṣeé dá dúró, ẹni tí ó bá fẹ́ ra oúnjẹ tàbí oògùn, tàbí tí ó ní irú àìní pàtàkì bẹ́ẹ̀, ni ó lè jáde. Ọjọ́ yẹn kan náà ni irú àṣẹ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti ní Abuja. Wọ́n sì ti ti ibodè. N kò ní ibi tí mo lè sá lọ.

Agboolé oníyàrá 9 ni mo ń gbé. Ẹ̀rọ omi kan àti balùwẹ̀ kan ni gbogbo wa jọ ń lò, àti Gã, àti Ewé, àti Haúsá, àti Yorùbá. Èmi tí mo ti ka ìwé ìlera díẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n tán sí mi nínú. Mo ra ọṣẹ, gàárì àti ẹja gbígbẹ, mo wọ yàrá, mo sì ti ìlẹ̀kùn. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ ni mo ń gbọ́ ìròyìn: iye òkú ní Ítálì, iye òkú ní Amẹ́ríkà. Oúnjẹ kò wù mí jẹ mọ́, oorun sì kọ̀ mí sílẹ̀. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, àyà mi a máa lù kìkì.

Ìyá arúgbó kan wà nínú agboolé náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó kan ìlẹ̀kùn, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o wà ńlé?” Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé àwọn àgbàlagbà ni àrùn yìí ń pa jù, nítorí náà oore ni mo ń ṣe fún un. Irọ́ ni. Ẹ̀mí ara mi nìkan ni mo ń rò. Ó tún kan ìlẹ̀kùn, ó dúró díẹ̀, mo sì gbọ́ bí ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ keje, télọ̀ Haúsá tí ó wà ní yàrá kejì kígbe pè mí. Nígbà tí mo jáde, Ìyá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán. Paálí oògùn náà ni ó mú wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́sí, kí n lè bá a ka orúkọ rẹ̀, kí n sì bá a rà á. Mo fi aṣọ bo imú àti ẹnu, mo sì sáré lọ. Ilé ìtajà oògùn kò tì ní gbogbo àkókò náà. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 péré ni.

Nígbà tí orí rẹ̀ fúyẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ lókèèrè, mo sì jẹ́wọ́ pé mo gbọ́ nígbà tí ó kàn. Ó wò mí títí, ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Ní 1969, ọjọ́ 14 ni ìjọba fún àwa àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú láti kúrò ní ilẹ̀ yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé. Nígbà yẹn, obìnrin Gã kan ni ó bá mi tọ́jú ẹrù mi títí mo fi padà dé. Ìjọba ni ó ń pàṣẹ. Aládùúgbò ni ó ń gba ènìyàn là.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti tún ètò ṣe. A gbé korobá tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ sí àbáwọlé, irú èyí tí àwọn ará Gánà ń fi orúkọ Veronica Bekoe pè, nítorí obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí ni ó ronú kàn án. Ẹni tí ó bá ti òde dé a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Ní àràárọ̀, oníkálukú a dúró ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, a ó sì kí ara wa yí ká. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó lọ wò ó. Mo dín ìròyìn kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Mo ń kàwé ní òwúrọ̀, mo ń na ara ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí ẹnìkan mú àhesọ wá pé ọtí líle ń pa àrùn náà, a rán an létí àwọn tí wọ́n mu omi iyọ̀ ní Nàìjíríà ní 2014 nítorí Ebola, tí ó sì ṣe wọ́n ní jàǹbá. Kò pẹ́ tí oorun fi padà sí ojú mi.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣí ìlú. Ikú kò wọ agboolé wa, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ọgbọ́n wa nìkan ni ó pa á mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Sàró wá mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ, nítorí ẹ ti rí kónílé-ó-gbélé ọjọ́ 3 nínú oṣù Kẹsàn-án 2014. Gbogbo wa ni a ó padà sí ìlú wa láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí a ti mọ̀, kí àrùn mìíràn tó dé, ẹni tí ó ń dá gbé ní àdúgbò wa, ẹni tí ó ń lo oògùn, àti ọmọ ilé-ìwé tí kò ní ẹni tí yóò bá a kàwé nílé. Kí a jìnnà sí ara wa bí àwọn oníṣègùn bá ní kí a jìnnà. Kí a bo imú, kí a fọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tí ó bèèrè pé, “Ṣé o wà ńlé?”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn.