Àkùkọ Wa ní Ìwó Road

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ẹni tí kò bá tíì dúró ní Ìwó Road ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò tíì rí Ìbàdàn tán. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Ìwó, ọ̀nà Ifẹ̀ àti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní 1978 ti pàdé. Níbẹ̀ ni ará oko àti ará ìlú ti ń fi èjìká gbún ara wọn.

Oko wa ń bẹ ní ìkọjá Lálúpọn. Ní ọjọ́ kan, ọkọ mi hú ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́rin, èmi sì mú àkùkọ kan dání. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a ń wá. Bí a ti sọ̀kalẹ̀ ní Ìwó Road ni àkùkọ já okùn, ó fò sórí ọkọ̀ kan, ó sì kọ. Ọkọ mi sáré tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ àpò, àpò ya, ẹ̀gẹ́ sì yí lọ sábẹ́ àwọn ọkọ̀. Ọkọ̀ náà gbéra, ó kọrí sí Ọ̀jọ́ọ̀ pẹ̀lú àkùkọ wa lórí. Òun nìkan ni kò san owó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Omi lé ròrò sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ti dé orí ahọ́n mi nígbà tí ìyá àgbà kan tí ń ta ata wí pé: “Ìyàwó, ẹ̀gẹ́ ló fọ́n ká, ilé yín kò fọ́n ká.” Mo wo ọkọ mi, mo rí ewé ẹ̀gẹ́ lórí fìlà rẹ̀, ẹ̀rín sì pa mí. Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Oníbàárà wa kọ ẹ̀gẹ́ náà, nítorí èyí tí ó bá ti họ kì í pẹ́ ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó dúdú. Ní òru ọjọ́ náà, tọkọtaya àtọmọ ni a jọ bẹ ẹ́. A rin ín, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a tó kù ú, kí a sì yan án ní gààrí. Ẹ má ṣe kánjú níbi iṣẹ́ yìí o, nítorí májèlé ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Owó gààrí náà kò pé. Owó àjọ mi ni mo fi kún un, àwọn ọmọ sì wọlé ẹ̀kọ́.

Títí di òní, bí a bá dé Ìwó Road, ọkọ mi a máa wo orí ọkọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àṣìṣe kò lè ṣàì wà nínú iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe. Ẹ bá ọkọ yín rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà.