Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Bá A Wí

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá nínú ìjọ wa,

Mo ti bá aláboyún púpọ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan á dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, màmá," wọn kò sì ní lọ. Àwọn ènìyàn a máa pè wọ́n ní olóríkunkun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè, olúkúlùkù ló ní ìdí tirẹ̀.

Ọ̀kan ń ta àkàsà ní ọjà Ouando. Àyẹ̀wò náà ń fẹ́ kí ó wá láìjẹun láti alẹ́, kí ó mu omi tí a po gílúkóòsì gíráàmù 75 sí, kí ó jókòó fún wákàtí 2, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjà ọjọ́ náà ti bọ́ nìyẹn. Èkejì ní bí òun kò bá tètè jẹun láàárọ̀, èébì ni. Ẹ̀kẹta, ọkọ rẹ̀ ni yóò sanwó, ọkọ sì ní, "Kí ló ń dùn ọ́?" Ẹ̀kẹrin ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí àtọ̀gbẹ lára òun, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gba ọmọ òun.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá. Bí oyún ti ń dàgbà, ó lè dí ara ìyá lọ́wọ́ láti lo ṣúgà bó ti yẹ, láìjẹ́ pé ìyá jẹ adùn jù, tí ohunkóhun kò sì dùn ún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ṣúgà náà ń kọjá sára ọmọ. Ọmọ lè tóbi jù, kí àwa máa yọ̀ pé ó sanra. Ìbí rẹ̀ lè nira, ṣúgà ara tirẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀ jù lẹ́yìn ìbí.

Fún ọ̀pọ̀ ìyá, oúnjẹ tí a wọ̀n àti ìrìn ẹsẹ̀ ti tó: kí àkàsà àti ìrẹsì dín kù, kí ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Àwọn kan yóò gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ lè wá lọ́jọ́ iwájú. Kí ìyá tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dúró de ìgbà tí yóò dùn ún kí ẹ tó mú owó sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bá a jókòó ti àkàsà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré. Ìwọ aláboyún, bí omi ṣúgà bá ń rìn ọ́ lọ́kàn, má sá, sọ ọ́ fún agbẹ̀bí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ kí o tó jẹun nìkan lè fi púpọ̀ hàn. Bí o bá sì kọ̀ síbẹ̀, ara rẹ ni. Sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ.

Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ.